Ọmọ Ayò Mẹ́wàá Tí Mo Pè Ní Márùn-ún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti mọ̀wé kà. Ẹ má wo ẹnu mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí agbẹ̀bí ṣe gbé mi sókè báyìí, mo wo ara ògiri, mo rí ibi tí ẹnì kan fi èédú kọ nǹkan sí, mo kà á tán kí n tó sunkún. Ohun tó sì mú mi sunkún gan-an ni pé ẹni tó kọ ọ́ ṣi lẹ́tà méjì kọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín níbí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó kó eyín lọ tó sì fi ahọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ pé nínú gbogbo àwa ọmọdé tá a kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ní Ìsẹ́yìn yìí, èmi nìkan ló kù. Kò sí ẹni tó lè dìde báyìí kó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Oore ńlá ni, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kí ẹnì kan já mi nírọ́.

Ìdí tí mo fi kọ ẹ̀rí yìí sínú ìwé ni pé nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́sí, wọ́n lu aago mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé ibi tí Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Lónìí, màá kà á ni. Sítáńdààdì kejì ni mo ti kúrò nílé-ìwé, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣubú, ẹ bá mi gbé e dìde.

Ohun tó mú mi jáde ni Ìbùkún, ọmọ tí ọmọ-ọmọ mi bí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ ní bàtà tuntun, ó mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kan. Wọ́n na káàdì sí i, wọ́n ní kó dárúkọ àwọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ọmọ dákẹ́, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ní kò tíì rẹ́dì. Ìyá rẹ̀ sunkún délé. Mo ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún nínú ìdílé yìí. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, ṣáájú kí ìròyìn ogun Jámánì tó dé ìlú wa, Ọlọ́run sì yọ mí." Ó ní báwo? Mo ní kó dúró di Ọjọ́ Ìsinmi.

Hàà! Ìsẹ́yìn ìgbà yẹn! Ẹ̀yin tó bá a báyìí, ẹ ò mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Àkùkọ kò sí nínú ohun tó ń jí wa. Òfì ló ń jí wa. Kí ojú tó mọ́ dáadáa, ẹ óò ti máa gbọ́ ọ láti agboolé dé agboolé, kọ́-ṣọ́, kọ́-ṣọ́, kọ́-ṣọ́, bí ẹni pé ìlú ń mí. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, gbogbo òwú tí wọ́n rẹ sínú aró á gbẹ kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ tán, ẹ óò sì rí i tó gùn láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìdí igi osè, àwa ọmọdé á máa sá gba abẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà á máa pariwo, "Ẹ má fọwọ́ ìdọ̀tí kan án o!" Ẹ̀kọ bàbà ni à ń mu, ó pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà Ṣakí. Mo ti mu tíì, mo ti mu bọnfítà, n kò tíì mu nǹkan kan tó dà bí ẹ̀kọ yẹn láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ.

Ahunṣọ ni bàbá mi. Kò kírun, kò sì wá ṣọ́ọ̀ṣì. Òfì ló ń sìn. Òrí ni ìyá mi ń tà ní tirẹ̀, òrí tí à ń fi para nígbà ọyẹ́. Ó kiri dé ilé Tísà lọ́jọ́ kan, Tísà tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì tó tún ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó sọ igbá òrí kalẹ̀ sínú oòrùn láti gbọ́ díẹ̀. Kó tó rántí igbá, òrí ti yọ́ tán, ó ti ṣàn wọlẹ̀. Ó ní òun kò kábàámọ̀. Ọjọ́ náà ló di onígbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn ún. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọjọ́ méje, kò sì sí ẹnì kan nínú agboolé wa tó mọ ewé ìwé yàtọ̀ sí ewé iṣu. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí ṣáájú mi tí kò dúró, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ó máa ń gbá mi mọ́ àyà, á ní, "Àkànní, ojoojúmọ́ ni a óò máa gbọ́ ọ nílé yìí lọ́jọ́ kan, láti ẹnu rẹ." Èmi á ní, "Ẹ̀n." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, tàbí méje. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Mo gbọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn ilé.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwé kì í hun aṣọ."

"Bàbá Àkànní, aṣọ náà kì í kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni o! Bí Tísà bá gbà á, ó gbà á náà nìyẹn. Bí kò bá gbà á, n kò fẹ́ gbọ́ ìwé mọ́ nílé yìí títí n óò fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ṣakí. Kò ní ọmọkùnrin. Àkànní á bá a lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì dàgbà sí."

Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, olówó orí mi." Mo gbọ́ bí ó ṣe fa imú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ báyìí. Bí Tísà bá gbà mí, ìyá mi rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì rí ẹni tí yóò máa kàwé fún un. Bí Tísà bá kọ̀ mí, ó pàdánù méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi wẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òrí pa mí títí eṣinṣin fi ń yọ̀ lára mi. A bá ọmọ bí mẹ́wàá lábẹ́ òrùlé koríko tí wọ́n ń pè ní ilé-ìwé. Tísà jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ará ìhà Ọ̀yọ́, ó wọ kóòtù kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ló fi ń dán ọmọ wò. Èkíní, kí o gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tó etí, padà sílé. Ẹ̀yin ará, nígbà tí ó kàn mí, mo gbé apá mi, ó kọjá orí mi, ó kọjá etí mi, ó dé etí ọmọ tó dúró tì mí, mo fà á, ọmọ náà ké! Tísà ní, "Ó tó, ó tó, dá a padà."

Èkejì ló mú wàhálà wá. Tísà da ọmọ ayò sórí ẹní. Ó ní kí n kà á, kí n sọ iye tó jẹ́.

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ahunṣọ ni mí. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a ta ayò nílé wa, ó ní ayò ni ọ̀tá òfì. Òwú ni mo fi kọ́ ìṣirò. Kí n tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa ni mo ti ń jókòó sábẹ́ òfì bàbá mi tí mo ń bá a ka òwú. Òwú tí à ń nà sórí òfì, méjì méjì ló ń gba inú eyín asà kọjá. Asà ni irinṣẹ́ tó dà bí òòyà, òun ni ahunṣọ fi ń lu òwú pọ̀ kó le. Bí ọ̀kan nínú òwú méjì náà bá gòkè, èkejì á sọ̀kalẹ̀, bí èyí bá sọ̀kalẹ̀, ìyẹn á gòkè. Báyìí ni aṣọ ṣe ń di aṣọ. Nítorí náà, nílé wa, òwú kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan. Ìgbà tó bá ní ẹnìkejì la tó pè é ní ọ̀kan.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo mú ọmọ ayò méjì, mo ní ọ̀kan. Mo mú méjì sí i, mo ní èjì. Mo kà á tán.

"Márùn-ún ni, Tísà."

"Mélòó?"

"Márùn-ún."

"Rọra kà á."

Mo rọra kà á. Márùn-ún náà ni. Tísà wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Tísà bá tún mú ọmọ ayò kan láti inú àpò kóòtù, ó fi kún un. Ó ní, "Báyìí ńkọ́?"

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Márùn-ún ni. Ọ̀kan ń wá ẹnìkejì rẹ̀."

Yéè! Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yẹn rín! Tísà rò pé mo ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Ó ní, "Ìyá Àkànní, ọmọ yín kò tíì pọ́n. Ó gùn lápá, kò gùn lórí. Ẹ mú un lọ sílé, kó lọ mu ọmú sí i."

Àwọn ọmọ tẹ̀ lé wa jáde. Ọ̀kan ní, "Àkànní, ẹsẹ̀ mélòó lo ní?" Àwọn yòókù dáhùn, "Ẹyọ kan!" "Ojú mélòó lo ní?" "Ẹyọ kan!" "Ìyá mélòó lo ní?" "Ààbọ̀!" Títí a fi dé ilé ni wọ́n ń lé e, tí wọ́n ń gbè é. Ìyá mi kò bá wọn wí. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Bàbá mi gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ tirẹ̀, ó fi sínú tèmi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń tijú pé inú òun ń dùn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dé.

Ìyá mi gbàdúrà. Igi emì kan wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tó ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí. Ìdí rẹ̀ ló ń lọ láràárọ̀, kí òfì tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó máa ń sọ pé, "Baba, ẹ wo ọ̀rọ̀ mi," á tún ní, "Ẹ ṣáà wò ó." Ó gbààwẹ̀ pẹ̀lú, lárọ̀ọ́ àti lọ́sàn-án.

Èmi náà kò jókòó. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, n kò jẹ, n kò mu, mo gbàdúrà títí orúnkún mi fi gbẹ́ kòtò méjì sílẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, ewúrẹ́ ń mumi nínú rẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n kàwé fún ìyá mi. Omijé mi ṣàn dé odò Ògùn.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Bàbá Ṣakí dé lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn, ọkùnrin sísanra, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń pe ènìyàn láti òkè kejì. Ó so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ mọ́ igi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ti di ẹrù ọmọ? Kùtùkùtù ọ̀la là ń lọ o." Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ó ti di ẹrù náà lóòótọ́. Aṣọ méjì ni, àti ọ̀rá òrí kékeré kan tí ó fi ewé pọ́n.

Bàbá mi ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun wo òwú kan tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ àtíbàbà òfì, wọ́n ń kà á. Èmi jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó, lábẹ́.

Ibí ni kí ẹ ti pariwo Halelúyà, nítorí ibí ni Ọlọ́run ti yọ sí ọ̀rọ̀ náà! Ojú ọ̀run mọ́ gaara. Àfi bí òjò ṣe dé wìì! Ẹ sì gbọ́, òjò yẹn kò rọ̀ sí ibòmíràn. Orí Tísà nìkan ló ń rọ̀ sí. Tísà ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà, òjò lé e. Ó yà sọ́tùn-ún, òjò yà sọ́tùn-ún. Ó yà sósì, òjò bá a yà. Atẹ́gùn yí agboòrùn rẹ̀ sódì, ó dà bí igbá. Kò rí ibi tí yóò sá sí àfi abẹ́ àtíbàbà wa, kóòtù rẹ̀ ń ro tótótó.

Bàbá mi ní, "Ẹ kú òjò o, Tísà. Ẹ wọlé." Ọ̀rọ̀ náà jáde tìkọ̀tìkọ̀. Tísà jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó rí mi, ó gbé ojú kúrò. Mo rò pé ojú ń tì í díẹ̀.

Òjò ń rọ̀. Bàbá mi àti Bàbá Ṣakí padà sídìí òwú wọn. Wọ́n kà á dé ìpẹ̀kun, Bàbá Ṣakí pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó pé."

Bàbá mi náà ní, "Ó pé."

Èmi sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Mo ní, "Kò pé."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Bàbá Ṣakí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n ní kó o lọ mu ọmú? Ọmọ tí kò mọ ẹ̀wá!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Ṣakí. Ọ̀kan ń wá ẹnìkejì rẹ̀."

Bàbá mi mọ̀ mí. Kò bá mi jiyàn. Ó tún òwú náà yẹ̀ wò láti etí kan, ó ń fi ìka rọra sún un, títí tó fi dé ibì kan, ó sì dúró. Eyín asà kan wà níbẹ̀ tí òwú ẹyọ kan ṣoṣo gbà kọjá. Èkejì ti já, ó ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá hun aṣọ yẹn bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á là láti òkè délẹ̀.

Bàbá Ṣakí ní, "Háà! Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Tísà ti dìde lórí odó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó sọ yẹn? Ó sọ ọ́ fún èmi náà."

Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé ó ń bínú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wa ni, Tísà. Báyìí là ń ka òwú. Òwú kan kì í dá wà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alákọ̀wé, báwo lẹ ṣe ń kà á?"

Tísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú mi, kóòtù rẹ̀ wọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ní, "Àkànní, ọmọ ayò tí mo fi hàn ọ́ níjọ́sí, o ní márùn-ún ni."

"Márùn-ún ni, Tísà."

"Bí mo bá ní kí o kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹnìkejì ńkọ́?"

N kò tilẹ̀ ronú. Mo ní, "Mẹ́wàá."

"Èyí tí mo fi kún un ńkọ́?"

"Mọ́kànlá."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?"

Mo ní, "Ẹ ò sọ pé ẹ fẹ́ èyí tí kò tíì pé."

Tísà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú rẹ̀ fi dà pọ̀ mọ́ omi òjò. Ó yíjú sí ìyá mi, tó dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Àkànní, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni n kò mọ ohun tó ń kà. Ọ̀la ni kó bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ènìyàn wá wo bàbá mi.

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ọkùnrin tó lágbára. N kò tíì rí èyí tó lágbára bíi bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun sọ. Ó wo òwú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Mo ní bí Tísà bá gbà á, ó gbà á." Ó fọwọ́ kan ibi tí òwú ti já. Ó ní, "Ta ló máa wá bá mi wo òwú tó bá sọnù báyìí?"

Ìyá mi ní, "Àárọ̀ nìkan ni ti Tísà, Bàbá Àkànní. Ọ̀sán tiyín ni."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ṣakí gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ, òun nìkan. Ìyá mi tú ẹrù, ó fi òrí inú rẹ̀ pa mí, ó mú mi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ó gbà mí ní ọdún kan àti ààbọ̀ kí n tó lè ka nǹkan geere. Ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn ti ń wọ̀, koríko òkè ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa lẹ́yìn ìkórè. Ìyá mi tẹ́ ẹní, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó. Mo ṣí ìwé tí Tísà yá mi. Mo kà á, mo ń kọsẹ̀, mo ń dìde. Bí mo bá ti ka ìlà kan, ìyá mi á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n," bí ẹni pé wọ́n ń jíṣẹ́ fún un láti ọ̀nà jíjìn. Mo wá ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ òfì mọ́. Bàbá mi ti dá òfì dúró. Ìyá mi pè é, ó ní ṣé kò sí o. Bàbá mi ní kò sí, òwú ló já, òun ń so ó. Ó so òwú náà títí mo fi kàwé tán. Nígbà tí mo lọ wò ó, òwú kankan kò já.

Ojoojúmọ́ ni òwú bàbá mi ń já láti ìgbà yẹn, ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ṣí ìwé. Kò wá ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Tísà náà yí ìdánwò rẹ̀ padà. Kó tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó na káàdì sí Ìbùkún. Àgbo ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹ na ewé sí i, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ó ku ohun kan. Inú ilé Ọlọ́run la wà, n kò sì mọ̀ bóyá n óò tún dúró níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi kún un. Ti ìwé kíkà lọ́jọ́ ìbí, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Apá mi kò dé etí ẹnikẹ́ni, agbára káká ló fi tó tèmi. Òjò yẹn, gbogbo ìlú ló rọ̀ sí, ó sì rẹ gbogbo wa.

Èyí tó wúwo nìyí. N kò gbààwẹ̀. N kò kúnlẹ̀ lábẹ́ igi kankan. Ìyá mi nìkan ló kúnlẹ̀. Oúnjẹ tí kò jẹ láwọn ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń jẹ ẹ́ mọ́ tèmi. Mo gbàdúrà o, ṣùgbọ́n àdúrà tí mo gbà ni pé kí Bàbá Ṣakí tètè dé, nítorí ó ti ṣèlérí fún mi pé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni n óò jókòó láti ilé wa títí dé Ṣakí. N kò fẹ́ ìwé. N kò ronú nípa ìyá mi. Ẹnu tí n kò lè pa mọ́ nípa òwú ẹyọ kan ló dá mi dúró.

Àdúrà méjì ló jáde láti ilé kan náà. Ọlọ́run gbọ́ ti ìyá mi, ó sì fi tèmi sílẹ̀. Ẹ bá mi dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi fi ògo fún Ọba tó mọ èyí tí kò yẹ kí òun gbọ́.